Ibi Tí Ojú Alfa Mùrí Wà

Bí ẹ bá kéú lọ́dọ̀ Alfa Mùrí ní Ìwó, tí pàṣán wọn ò bà yín rí, á jẹ́ pé ẹ kì í lọ déédéé. Èmi lọ déédéé, mo sì jẹ pàṣán déédéé. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó wà lójú wàláà mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ojú mi ni kì í gbé ibì kan. Tí a bá ti tò sẹ́yìn Alfa láti kírun, ojú tèmi á ti kúrò nílẹ̀, á máa wo alángbá lára òpó, á máa wo ẹni tó wọ aṣọ tuntun. Ọmọ kan tó kórìíra mi á wá lọ sọ fún Alfa lẹ́yìn ìrun. Ó dùn mí títí dòní pé mi ò bi í léèrè rí pé ojú tirẹ̀ ńkọ́, tó fi rí mi.

Alfa á pè mí síwájú. "Kareemah, níbo ni ojú ẹni tó ń kírun máa ń wà?"

"Ibi tí iwájú orí máa kàn nílẹ̀ ni, Alfa."

"Ṣé òrùlé ni ìwọ máa ń fi iwájú orí kàn?"

Àwọn ọmọ yòókù á bú sẹ́rìn-ín, pàṣán á sì tẹ̀ lé ẹ̀rín náà. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Mo kéú tán, mo kọ́ṣẹ́ irun dídì, mo gba òmìnira, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, síbẹ̀ bí mo bá pàdé Alfa Mùrí lọ́nà, ojú mi á kọ́kọ́ wálẹ̀ kí orúnkún mi tó tẹ̀ lé e.

Alfa ò ga. Ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n lè rò pé ọmọ kékeré kan ló wọ jalabíà bọ̀ lókèèrè, àfi tí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Fìlà ni wọ́n máa ń fọwọ́ rán láàárọ̀, kéú ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án, àwọn náà sì ni lèmọ́mù ratibi, mọ́sáláṣí kékeré tó wà níwájú ilé wọn. Ìwà wọn kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀: wọn kì í sọ̀rọ̀ kan lọ́nà méjì. Tí tọkọtaya bá jà, tí wọ́n gbé ẹjọ́ wá, ohun tí Alfa máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Èyí tí o fojú rí, sọ pé o rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, sọ pé wọ́n sọ ọ́ fún ọ. Má pò wọ́n pọ̀." Ìdajì ẹjọ́ á ti tán síbẹ̀.

Ratibi tí mò ń wí yìí kò ju òrùlé páànù àti ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lọ. Ilé Alfa ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ìlà oòrùn, ibi tí a ń kọjú sí kírun, títì tó lọ sí Ilé-Ogbó ló sì gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Tí lèmọ́mù bá dúró síwájú jámáà, kò sí nǹkan kan láàárín òun àti títì, àfi koríko àti igi dógoyárò kan.

Abẹ́ dógoyárò yẹn ni mo dúró sí lọ́jọ́ tí mọ́tò gbá mi. Mò ń retí ọ̀kadà tó máa gbé mi lọ sí Ilé-Ogbó, ìyàwó tuntun kan ń dúró dè mí níbẹ̀ kí n wá dirí fún un. Wọ́n ti pe ìrun Alásárì, jámáà ti tò lẹ́yìn Alfa. Ẹ má bi mí ìdí tí èmi ò fi bá wọn tò. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mo rántí pé mo gbé báàgì mi sí èjìká kejì. Ohun tí mo tún rántí lẹ́yìn ìyẹn ni òrùlé ọsibítù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì kò sí lórí mi, kò sì padà wá títí dòní.

Wọ́n ní Alfa Mùrí ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n já ìrun sílẹ̀, wọ́n sáré jáde, wọ́n ṣí fìlà orí wọn, wọ́n sì fi dí ibi tí ẹjẹ̀ ti ń ṣàn ní itan mi. Àwọn ni wọ́n gbé orí mi lé ẹsẹ̀ wọn nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sí ọsibítù. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí pé wọ́n já ìrun. Ẹni tó já ìrun nítorí ẹ̀mí èèyàn, kò sí alfa tó máa dá a lẹ́bi.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi fọ́ yánkan-yànkan. Wọ́n tò ó, wọ́n fi irin sí i, ṣùgbọ́n orúnkún náà ò ká mọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ irun mọ̀ pé ìdúró ni. Ìka ló ń dirí, ẹsẹ̀ ló ń gbé ìka ró. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, àwọn oníbàárà mi wá ọ̀nà mìíràn, èmi náà sì wà nílé tí mò ń ka páànù òrùlé. Inú bí mi lójoojúmọ́. Mi ò ní purọ́ pé mo fi sùúrù gbà á.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ohun tí ọkùnrin tó wa mọ́tò náà sọ. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé èmi ni mo já lu òun, pé fóònù ni mò ń wò tí mo fi rìn wọ orí ọ̀dà. Nígbà tí ọlọ́pàá ń bi àwọn èèyàn léèrè, Alfa Mùrí ṣì wà lọ́dọ̀ mi ní ọsibítù, kò sì sẹ́ni tó padà wá bi wọ́n. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò mọ́tò rẹ̀, tó yẹ kó gbọ́ bùkátà ìtọ́jú mi, gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn gbọ́. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gbà á gbọ́. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo wọ títì, ẹ̀bi mi ni, mo sì máa gbé ẹsẹ̀ mi rù fúnra mi títí ayé.

Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Ẹ̀ríolúwa ló gba ẹjọ́ mi. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnu ẹ̀ sì mú bí abẹ tuntun. Ó ní kí n pe gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jọ, a sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Alfa. Èrò pọ̀. Inú mi dùn, mo ní ẹlẹ́rìí ti pọ̀ nìyẹn.

Nusirat tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo rí i. Àárín ọ̀dà ni Kareemah wà, mọ́tò náà sì wà lórí ọ̀dà."

Lọ́yà bi í pé, "Kí ariwo tó dún, kí lẹ ń wò?"

"Ẹ̀pà mi ni mò ń fẹ́."

"Ìyẹn ni pé ibi tó balẹ̀ sí lẹ rí, ẹ ò rí ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀."

Nusirat ronú sí i, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi ti lé sí i lójú. Kò purọ́, ohun tó rí gan-an ló sọ, ohun tó rí yẹn ló sì ń ṣe mí níkà. Bí Lọ́yà ṣe ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wọn ń dáhùn: ariwo ló jẹ́ kí wọ́n yíjú, ìgbà tí wọ́n yíjú, mo ti wà lórí ọ̀dà. Lọ́yà wò mí, ó ní, "Àǹtí mi, ẹni tó wò ó lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ń wò ó bọ̀ là ń wá."

Ẹ̀gbọ́n mi Hussain, tó ń gun ọ̀kadà, dìde. "Èmi rí i. Orí koríko ló wà. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Hussain fẹ́ràn mi gan-an ni, ṣùgbọ́n Olúpọ̀nnà ló wà lọ́jọ́ náà. Orí fóònù ló ti gbọ́.

Alfa Mùrí, tí wọn ò tíì sọ nǹkan kan látàárọ̀, ní, "Hussain, jókòó. Èrò tí o gbé lọ sí Olúpọ̀nnà lọ́jọ́ yẹn ṣì wà láyé, ó sì lẹ́nu. Tí wọ́n bá mú irọ́ kan lọ́wọ́ wa, òótọ́ tó kù lọ́wọ́ wa ò ní tà mọ́."

"Alfa, àbúrò mi ni."

"Ọmọ kéú tèmi náà ni. Jókòó." Hussain jókòó. Alfa wá yíjú sí Lọ́yà. "Mo rí i."

"Lẹ́yìn tí ariwo dún, sà?"

"Kó tó dún. Ọkùnrin yẹn ń sáré bọ̀, ó fẹ́ yẹ kòtò tó wà níbẹ̀ yẹn. Ó yà kúrò lórí ọ̀dà, ó gba orí koríko, ó gbá Kareemah lábẹ́ igi, ó gbá a jù sórí ọ̀dà, ó wá yí ọwọ́ mọ́tò padà sórí ọ̀dà kó tó dúró. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ò kan ọ̀dà."

Lọ́yà ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò mọ ohun tí etí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Gbogbo jámáà ló mọ̀ pé Alfa ti kábàrá, pé wọ́n ti wà lórí ìrun, pé gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ti doríkodò. Lèmọ́mù tó rí mọ́tò kó tó dún, níbo ni ojú rẹ̀ wà? Mo wo ilẹ̀. Ojú tì mí fún wọn, bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ nà.

Hussain rọra ní, "Alfa, ẹ kúkú lè sọ pé ẹ ò tíì wọ ìrun. Ẹ kàn sọ pé ìgbà tí wọ́n ń pe ìkámà ni."

"Hussain, irọ́ rẹ àkọ́kọ́ ò tíì tutù, o ti gbé òmíràn kaná."

Nígbà tí èrò tú ká, mo sún mọ́ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ sí kóòtù. Mo ní wọ́n máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn ọmọ kéú máa gbọ́, pé ẹni tó bá ti ń jowú ipò lèmọ́mù máa rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní tó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, Ọlọ́run á bá mi wá ọ̀nà.

Alfa ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wọn ò wò mí. "Yẹ̀yẹ́ kì í fọ́ egungun, Kareemah. Mọ́tò ló ń fọ́ egungun. Lọ jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ má baà wú."

Ọjọ́ tí wọ́n pè wá, kóòtù kún. Jámáà wá, Nusirat wá, àwọn ìyá tó ń dirí lọ́dọ̀ mi wá. Alfa wọ aṣọ funfun tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Wọ́n fi Kùránì búra, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lé, kò dín.

Lọ́yà tó ń gbẹjọ́ rò fún adójútòfò wá dìde. Oyèdèjì lorúkọ ẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n". Ẹni tó ń tún un sọ pé fóònù ni mò ń wò, nígbà tó jẹ́ pé inú báàgì ni wọ́n ti bá fóònù mi, mi ò lè máa bọ̀wọ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba fún Alfa.

"Alfa, mo gbọ́ pé olùkọ́ ni yín. Ẹ bá mi kọ́ kóòtù yìí: níbo ni ojú ẹni tó ń kírun máa ń wà?"

Ìbéèrè tèmi gan-an ni, ọ̀rọ̀ kan ò yàtọ̀.

"Ibi tí iwájú orí máa kàn nílẹ̀ ni," ni Alfa dáhùn.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ?"

"Mo ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo tún ń nà wọ́n lé e lórí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ wà lórí ìrun?"

"Mo wà lórí ìrun."

"Níbo wá ni ojú yín wà?"

"Lójú títì."

Ẹ̀rín kan tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Oyèdèjì ò dúró níbẹ̀. Ó sún mọ́ wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣàánú. "Mo mọ̀ pé ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni yín. Bí ojú yín bá tilẹ̀ ṣèèṣì gbéra, ẹ ti yára dá a padà sílẹ̀. Ìwòfìrí ni. Ẹ sọ òótọ́ fún kóòtù, Alfa. Ṣé ìwòfìrí tí ẹ fi ojú ṣèèṣì wò lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé ìdájọ́ kà?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó gbọ́n. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún Alfa. Tí wọ́n bá ní ìwòfìrí ni, iyì wọn á kù díẹ̀ fún wọn. Ta ni ojú ẹ̀ kì í ṣèèṣì? Wọ́n á padà sílé, wọ́n á máa bá iṣẹ́ lèmọ́mù lọ. Ẹjọ́ mi ló máa bá ilẹ̀kùn yẹn jáde lọ. Mo di ọ̀pá tí mo fi ń rìn mú. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà pé ìwòfìrí ni, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, méjèèjì pa pọ̀.

Alfa bojú wẹ̀yìn, wọ́n wo jámáà wọn, wọ́n wò mí. Wọ́n wá kọjú sí adájọ́.

"Kì í ṣe ìwòfìrí. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wo títì."

Oyèdèjì ní, "Ẹ ní kí ni?"

"Látìgbà tí kòtò yẹn ti wà níbẹ̀, tí mọ́tò ti ń yà sọ́dọ̀ wa, ojú mi kò tíì wà nílẹ̀ rí tí mo bá ń kírun níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti doríkodò, ọmọ ọlọ́mọ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n má wòkè. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ọlọ́mọ má wòkè, ó di dandan kó máa bá wọn wò. Torí náà, mi ò ṣèèṣì rí mọ́tò yẹn. Mo ti ń wò ó bọ̀ láti ibi tó ti yọ. Ti ìrun mi, èmi àti Ọlọ́run la jọ máa yanjú ẹ̀. Ti mọ́tò ni kí ẹ bi mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Oyèdèjì bi wọ́n nípa mọ́tò náà lóòótọ́, ó bi wọ́n nípa oòrùn, ó bi wọ́n nípa igi. Èyí tí wọ́n rí, wọ́n ní àwọn rí i. Nígbà tó fẹ́ dán wọn wò, tó bi wọ́n bóyá awakọ̀ náà ń tẹ fóònù, wọ́n ní àwọn ò rí inú mọ́tò, àwọn ò sì lè sọ ohun tí àwọn ò rí. Mo rí i tí adájọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Èmi ń sunkún níbi tí mo wà. Gbogbo pàṣán tí mo jẹ ní kékeré padà wá sí mi lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gùn mí. Mo fẹ́ràn bàbá kúkurú yẹn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó bí mi lọ́mọ.

Ìdájọ́ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Adájọ́ ní àwọn tó kù rí ibi tí mo ṣubú sí, ẹnì kan ṣoṣo ló rí ibi tí mo dúró sí. Ó ní ẹlẹ́rìí tí wọ́n fún láyè láti dáàbò bo orúkọ ara rẹ̀, tí kò gbà á, tó sì tún kọ̀ láti fi ohun tí kò rí kún un, òun gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́. Mo jàre. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù mi padà. Mo ní àga gíga kan tí mò ń jókòó lé dirí, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì tí ẹsẹ̀ wọn ń bá mi dúró.

Ní ti Alfa Mùrí, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ìdájọ́, wọ́n dìde sọ fún jámáà pé kí wọ́n wá lèmọ́mù mìíràn tí ojú rẹ̀ ń gbé ilẹ̀. Baba Àdínì, tó jẹ́ àgbà jù nínú ratibi wa, ní kí wọ́n jókòó. "Mùrí, tí ìwọ bá lọ, ta ló máa bá wa wo títì? Ká mọ ògiri síbẹ̀ ló kù, kí ojú ìwọ náà lè sinmi." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ògiri búlọ́ọ̀kù síwájú ratibi. Hussain ló ru búlọ́ọ̀kù jù, mo rò pé ó ń fi í san gbèsè irọ́. Wọ́n gbé ògiri náà dé ibi tí kò ní dí atẹ́gùn, ó kọjá ojú Alfa díẹ̀. Pàṣán ṣì wà ní ilé-kéú, ẹ má rò pé ó ti kúrò.

Orí àga lèmi ti ń kírun báyìí, nítorí orúnkún mi. Àwa obìnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Alfa, tó ga ju ilẹ̀ ratibi lọ, wọ́n sì gbé àga tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè fẹ̀yìn ti ògiri. Ní Alásárì kan lẹ́yìn tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ, gbogbo jámáà ti doríkodò, ni típà kan ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Ilé-Ogbó. Ògiri wà níbẹ̀ digbí. Mo rí gìgísẹ̀ Alfa Mùrí tó rọra kúrò nílẹ̀. Wọ́n na ọrùn, wọ́n wo títì láti orí ògiri títí típà náà fi kọjá lọ, gìgísẹ̀ wọn wá padà balẹ̀.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan ní àdúgbò. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé níbo ni ojú tèmi wà.